Kí a tó kó irúgbìn ilá àbáláyé dànù

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé jáde lójú ewé iṣẹ́ àgbẹ̀ nípa ilá ni mo fẹ́ fèsì sí. Ẹni tí ẹ fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò níbẹ̀ sọ pé irúgbìn àbáláyé ló ń fa ìkórè kékeré lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ wa, ó sì gbà wá nímọ̀ràn pé kí a kó o dànù, kí a máa ra èyí tí wọ́n ń dì sínú agolo láti òkè òkun. Iṣẹ́ kíkọ́ àwọn àgbẹ̀ lóko ni mo fi jẹun kí n tó fẹ̀yìntì, ilá sì wà lára ohun tí mo ń gbìn títí di òní ní agbègbè Ìbàràpá. N kò bá a jiyàn pé ìkórè wa kéré. Orí ẹni tí ó di ẹ̀bi náà lé ni èmi àti rẹ̀ ti pínyà. Bí a ṣe ń ṣa irúgbìn ni ẹjọ́ wà, nítorí pé ìyàtọ̀ tí ó wà nínú irúgbìn àbáláyé, èyí tí ó pè ní àléébù, gan-an ni ohun tí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kí ilá so jù báyìí lọ yóò fi ṣiṣẹ́.

Orílẹ̀-èdè Íńdíà ló ń kó ilá jù lọ láyé, tiwọn lé ní mílíọ̀nù 6 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Nàìjíríà ló tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 tọ́ọ̀nù ni tiwa, bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ tí wọ́n kà sí wa lọ́rùn fún ilá fẹ̀ ju ti Íńdíà lọ. Apá kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí kì í ṣe ẹjọ́ irúgbìn rárá. Ẹ̀gbẹ́ ebè iṣu àti àárín ẹ̀gẹ́ tàbí àgbàdo ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbin ilá sí, nígbà tí àwọn oníṣirò bá sì ń ka hẹ́kítà, gbogbo oko iṣu náà ni wọ́n ń kà mọ́ ilá. Ajílẹ̀ wọ́n. Kòkòrò ajẹwé kékeré tí ń ta pọ́n-ún, tí ó máa ń dá ewé ilá lu láti ìgbà tí ó bá ti yọ ewé méjì, kì í jẹ́ kí igi náà dàgbà bó ṣe yẹ, òun náà ló sì ń gbé àrùn mosaic, èyí tí ń mú ewé ní àbàwọ́n, láti ara igi kan sí òmíràn. Ẹni tí ó bá gbin irúgbìn inú agolo sí irú oko bẹ́ẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ rí ju ohun tí ẹni tí ó gbin ti àbáláyé rí lọ, owó irúgbìn nìkan ni yóò fi jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n apá tí ó kan irúgbìn wà, ó sì tóbi. Bí a bá gbin ilá nìkan, tí a fi 60 sẹ̀ǹtímítà sáàárín poro sí poro, tí a sì fi 30 sáàárín igi sí igi, igi tí yóò wà lórí hẹ́kítà kan yóò lé ní 55,000. Ká wá sọ pé igi kọ̀ọ̀kan fi ẹyọ ilá kan ṣoṣo kún iye tí ó ń so tẹ́lẹ̀, tí ẹyọ náà wọn gíráàmù 15: ohun tí yóò lé lórí hẹ́kítà yẹn ju 800 kílò lọ. Ẹyọ kan péré lára igi kan o. Àgbẹ̀ tí ó ń wo oko rẹ̀ láti ẹ̀bá ọ̀nà kò lè fi ojú rí irú àfikún bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ń ká a, tí ó sì ń kà á, ni yóò mọ̀.

Níbo ni ẹyọ kan náà yóò ti wá? Ẹ ra irúgbìn ilá ife kan lọ́wọ́ àwọn ìyá tí ń tà á lọ́jà oko, kí ẹ gbìn ín sí ilẹ̀ kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì máa wò ó. Igi kan yóò ti yọ òdòdó àkọ́kọ́ ní nǹkan bí oríkèé karùn-ún láti ilẹ̀, òmíràn yóò kọjá oríkèé kẹẹ̀ẹ́dógún kí ó tó dábàá òdòdó. Ọ̀kan yóò yọ ẹ̀ka mẹ́ta nídìí, tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yóò máa so, ọ̀kan yóò gùn gbọọrọ láìlẹ́ka. Èso ti ẹ̀gbẹ́ kan yóò gún, igun márùn-ún ni yóò ní, ara rẹ̀ yóò sì máa dán. Ti ẹ̀gbẹ́ kejì yóò kúrú, yóò sanra, igun rẹ̀ yóò tó mẹ́jọ, irun ara rẹ̀ yóò sì máa gún ẹni tí ń ká a lọ́wọ́. Ẹ ó rí igi tí igbá rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ ó rí èyí tí ewé rẹ̀ ya bí ọwọ́, ẹ ó rí èyí tí àrùn ti ká ewé rẹ̀ kò, tí ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò sì mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀.

Ẹni tí ẹ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò yóò wo oko yìí, yóò ní irúgbìn ti dàlú. Lójú ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí a mú irúgbìn dára sí i, ilé ìṣúra ni. Níbi tí gbogbo igi bá ti rí bákan náà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣà. Ọ̀mọ̀wé ará Denmark kan, Wilhelm Johannsen, ló fi èyí hàn ní 1903. Ó mú ẹ̀wà tí ó ti ara igi kan ṣoṣo wá, irú ẹ̀wà tí ń fi ìyẹ̀fun òdòdó ara rẹ̀ gbà fún ara rẹ̀. Ó ṣa àwọn ẹyọ tí ó tóbi sọ́tọ̀, ó ṣa àwọn tí ó kéré sọ́tọ̀, ó gbìn wọ́n. Èso tí àwọn ẹyọ ńlá bí kò tóbi ju èyí tí àwọn ẹyọ kékeré bí lọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn, ilẹ̀ àti ipò wọn nínú igbá ló fà á, kò sí nínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ó wá ń ṣà láàárín ìdílé ẹ̀wà kan sí òmíràn, nígbà náà ni ìṣàyàn tó mú nǹkan wá.

Èyí ni ó mú kí àwọn onímọ̀ máa ya ìyàtọ̀ sí ọ̀nà méjì, èyí tí ó jẹ́ àbímọ́ àti èyí tí ó jẹ́ ti ilẹ̀, ti òjò àti ti ìtọ́jú. Ọmọ ìyá méjì tí a bá gbé ọ̀kan fún olówó tọ́, tí a fi èkejì sílẹ̀ fún ìyà, wọn kò ní ga bákan náà, ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilá tí ó hù sí ẹ̀gbẹ́ ààtàn: yóò dúdú, yóò so wọ̀ǹtì-wọnti, àgbẹ̀ yóò sì fi irúgbìn rẹ̀ pamọ́ pẹ̀lú ìdùnnú, ààtàn ni ó sì ń yìn láìmọ̀. Kí wọ́n má baà ṣe bẹ́ẹ̀, ní ilé ìwádìí, wọ́n máa ń gbin irú ilá kọ̀ọ̀kan sí ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú oko kan náà, wọn a da ipò wọn rú kí ilẹ̀ tó dára má baà jẹ́ ti ẹyọ irú kan, wọn a sì tún un ṣe ní ọdún mìíràn tàbí ní ìlú mìíràn. Bí irú kan bá ń ṣe dáadáa níbi gbogbo tí ó bọ́ sí, a lè sọ pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìṣirò tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn náà gùn, mo sì mọ̀ pé ìwé ìròyìn kọ́ ni ibi tí a ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń wá kò ju èyí lọ: nínú gbogbo ìyàtọ̀ tí ojú rí, mélòó ni ọmọ yóò jogún lọ́dọ̀ ìyá?

Àwọn àbùdá ilá kò rí bákan náà lórí ìbéèrè yẹn. Iye ọjọ́ tí igi fi ń yọ òdòdó àti gíga rẹ̀ máa ń jẹ́ ohun tí ọmọ ń jogún dáadáa. Àpapọ̀ ìkórè ni kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣeé jogún tààrà, nítorí pé gbogbo nǹkan ló ń dá sí i, láti orí òjò títí dé ọwọ́ ẹni tí ń ká a. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kàn ń wo òṣùwọ̀n ìkórè nìkan láti fi ṣa irúgbìn, iṣẹ́ rẹ̀ yóò falẹ̀. Ó sàn kí ó wá àbùdá tí ó rọrùn láti kà, tí ọmọ ń jogún, tí ó sì ń bá ìkórè rìn pọ̀. Èyí tí ó máa ń yọrí jù nínú ìwádìí lórí ilá ni iye èso lórí igi kan, ìwọ̀n èso kọ̀ọ̀kan a sì tẹ̀ lé e. Síbẹ̀, àwọn méjèèjì kì í sábà fẹ́ wà pọ̀ ní ìwọ̀n tó ga: igi tí ó bá so púpọ̀ máa ń so kéékèèké, igi tí èso rẹ̀ bá tóbi kì í sábà so púpọ̀. Iṣẹ́ ẹni tí ń mú irúgbìn dára ni kí ó máa wá ìwọ̀nba àwọn igi tí ó rú òfin yìí díẹ̀.

Ní ti gíga, àwa àgbẹ̀ ni igi gíga máa ń tàn jẹ jù lọ. Àwọn àgbà ti sọ pé ilá kì í ga ju olóko lọ, bí ó bá ga ju olóko lọ, títẹ̀ ni yóò tẹ̀ ẹ́ ká. Ní oko tiwa, títẹ̀ yẹn ló máa ń dá a. Igi tí ó pẹ́ kí ó tó yọ òdòdó ní àkókò láti ga, gíga rẹ̀ sì lè jẹ́ àmì pé ó pẹ́, kì í ṣe àmì pé ó ń so. Bí mo bá ní kí n yan nǹkan kan ṣoṣo tí àgbẹ̀ lè fi ojú rí láti ọ̀nà jíjìn, oríkèé tí òdòdó àkọ́kọ́ ti yọ ni n óò yàn.

Mo wá dé ibi tí ó dùn mí jù lọ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ wo bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń mú irúgbìn ilá. Ilá tútù kì í dúró deni: ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn tí òdòdó bá là ni ó dára láti ká, bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó ti kó, ọ̀bẹ kò ní fẹ́ wọ̀ ọ́. Nítorí náà, láti ọjọ́ tí èso àkọ́kọ́ bá ti jáde ni a ti ń ká a lọ sọ́jà, èyí sì tọ́, owó ni. Igi tí ó bá sì ń gbé èso gbígbẹ lórí kì í fẹ́ yọ òdòdó mọ́, ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ kì í fi í fẹ́ fi nǹkan kan sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àsìkò bá ti fẹ́ parí, tí ọjà ti kún, tí owó ilá ti wálẹ̀, nígbà náà ni a tó sọ pé kí ìyókù gbẹ fún irúgbìn.

Kí ni ìyókù náà? Àwọn igi tí ó tètè so ti rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń gbẹ lọ. Àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wà lẹ́nu èso ni àwọn tí ó pẹ́, àwọn ni yóò sì bí èyí tó pọ̀ jù nínú irúgbìn ọdún tí ń bọ̀. Ẹ fi àwọn èso tí ó kó kí a tó padà dé oko kún un. Igi tí èso rẹ̀ yára kó ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni yóò máa ní èso kíkó nígbà gbogbo, òun náà ni a ó sì fi pamọ́ ṣe irúgbìn, nítorí pé kò ṣeé tà. Ilá tí ó rọ̀ títí di ọjọ́ keje, tí ó yẹ kí gbogbo wa máa wá kiri, a ti gé e sínú obẹ̀ kí ó tó bímọ. Bí ẹnìkan bá jókòó láti ronú ọ̀nà tí a lè gbà ba ilá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún, n kò rò pé ó lè rí èyí tó dára ju èyí lọ. Òtítọ́ ni pé ara igi kan náà, èso ìsàlẹ̀ àti ti òkè kò yàtọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Láàárín igi sí igi ni ìpalára náà wà, níbẹ̀ sì ni ìṣàyàn ti ń ṣiṣẹ́, ìbáà ṣe a mọ̀ tàbí a kò mọ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó. Kí ẹni tí ń ká ilá mú òwú pupa dání ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí ó so ó mọ́ igi tí ó tètè so, tí oríkèé àkọ́kọ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, tí ó sì lẹ́ka, kí ó má sì so ó mọ́ èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn tàbí létí oko níbi tí àyè ti gbà á ju àwọn yòókù lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ó yẹ̀ wọ́n wò lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ó tú òwú kúrò lára èyí tí àrùn bá ti mú tàbí èyí tí ó ti dẹ́kun síso. Àwọn tí ó bá kù, kí ó ká èso díẹ̀ lára wọn fún ọjà, kí ó wá dáwọ́ dúró nígbà tí igi ṣì lágbára, kí ó jẹ́ kí wọ́n gbẹ. Igi mẹ́ta tàbí mẹ́rin kò tó o. Bí a bá ń mú irúgbìn láti ara igi díẹ̀ lọ́dọọdún, a ó kàn máa tì ìyàtọ̀ tí mo ń yìn jáde ni. Ó yẹ kí wọ́n tó ọgbọ̀n sí àádọ́ta.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí àwọn òǹkàwé mọ̀ nípa òdòdó ilá. Òdòdó kan kì í lò ju ọjọ́ kan lọ: yóò là ní òwúrọ̀, ofeefee tí inú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, nígbà tí yóò bá fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti rọ. Akọ àti abo wà nínú rẹ̀, ó sì lè gbà fún ara rẹ̀, èyí ni ó ń ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n oyin fẹ́ràn rẹ̀. Ìdá tí ìyẹ̀fun òdòdó igi mìíràn ń kó nínú bíbí irúgbìn lè kéré gan-an níbi kan, ó sì lè tó nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún níbòmíràn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ẹ̀yà rẹ̀ má dàlú mọ́ ní láti fi òwú di ẹnu ìrudi ní ìrọ̀lẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ tí yóò là. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ da ẹ̀yà méjì pọ̀, ìrọ̀lẹ́ yẹn náà ni iṣẹ́ rẹ̀. Yóò fi orí abẹ la ìrudi náà yíká nídìí, yóò ṣí i kúrò pẹ̀lú àwọn ewé òdòdó inú rẹ̀, yóò ha àwọn akọ tí ó so mọ́ ara ọ̀wọ̀n àárín dànù láìfọwọ́ kan orí pupa tí ó wà lókè pátápátá, yóò fi àpò bébà bò ó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, yóò já òdòdó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ là lára ẹ̀yà kejì, yóò fi kan orí pupa náà jẹ́jẹ́, yóò tún bò ó, yóò sì kọ orúkọ ìyá àti bàbá sára bébà tí ó so mọ́ ọn. Bí ó bá ṣe é re, igbá kan á fún un ní irúgbìn tó pọ̀ dáadáa, àwọn wọ̀nyí ni yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà láàárín wọn láti ìran kejì lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹni yẹn tún gbàgbé pé kì í ṣe irú ilá kan ṣoṣo ni à ń gbìn nílẹ̀ yìí. Ilá tí gbogbo ayé mọ̀ ni èyí tí Linnaeus, onímọ̀ ewéko, fún ní orúkọ ní 1753, Abelmoschus esculentus ni wọ́n ń pè é báyìí. Ìkejì ni ilá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ó ga, tí ó lẹ́ka, tí èso rẹ̀ sanra, tí ó sì máa ń wà lóko fún ọ̀pọ̀ oṣù. Auguste Chevalier, ará Faransé, ti ṣàkíyèsí rẹ̀ ní 1940, ṣùgbọ́n ó di 1988 kí wọ́n tó fi í sí àyè ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Abelmoschus caillei. Àkọ́kọ́ ní nǹkan bí 130 kírómósóòmù, okùn tín-ín-tín tí ń gbé ohun àbímọ́, nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Èkejì sún mọ́ 200. Bí oyin bá da àwọn méjèèjì pọ̀ nínú oko, ọmọ wọn á ga, ewé rẹ̀ á gbòòrò, ẹni tí kò mọ̀ á máa yọ̀, ṣùgbọ́n tí ó bá la igbá rẹ̀, irúgbìn díẹ̀ báyìí ni yóò bá níbẹ̀, ìgbà mìíràn kò ní bá nǹkan kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ tí ó kó irúgbìn ilá jọ ní Benin àti Togo rí ìyàtọ̀ tó pọ̀ gan-an lára rẹ̀. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ibùgbé rẹ̀ ní tòótọ́, kò sì wọ́pọ̀ nínú agolo òkè òkun.

Ilá kejì yìí ni ó ń gba ẹnu àwọn aya ilé ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ń ka ojúmọ́, ìyẹn bí ọ̀sán ṣe gùn tó. Ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ojúmọ́ tí ó gùn jù lọ́dún àti èyí tí ó kúrú jù kò tó wákàtí kan, síbẹ̀ igi yìí mọ̀ ọ́n. Bí a bá gbìn ín lákọ́rọ̀, yóò máa dàgbà lásán títí ojúmọ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, nígbà náà ni yóò yọ òdòdó, tí yóò sì máa so wọ inú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ẹlòmíràn kò ní ilá mọ́, tí iye owó rẹ̀ lọ́jà sì ti ga. Bí onímọ̀ kan bá wọn ìkórè rẹ̀ ní oṣù keje, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò so. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣọ́ra fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní irú ilá kan ju irú kejì lọ láìsọ oṣù tí ó gbìn ín. Kílò ilá kan ní oṣù kìíní kì í ṣe ẹgbẹ́ kílò ilá kan ní oṣù kẹjọ nínú àpò àgbẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nípa irúgbìn òkè òkun láìṣe ojúsàájú. Clemson Spineless, tí wọ́n mú jáde ní South Carolina ní Amẹ́ríkà ní 1939, dára: kò ní ẹ̀gún tí ń gún ni lọ́wọ́, ó tètè so, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló sì ti fi jẹun níhìn-ín. Àwọn irúgbìn haíbíríìdì, ìyẹn ọmọ tí a fi ẹ̀yà méjì bí, ti Íńdíà náà ń so dáadáa lọ́wọ́ ẹni tí ó ní omi àti ajílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi irúgbìn pamọ́ lára haíbíríìdì yóò rí i ní ọdún kejì pé àwọn ọmọ ti pínyà, àwọn kan jọ bàbá àgbà, àwọn kan jọ ìyá àgbà, díẹ̀ ló jọ ohun tí ó rà. Ẹ̀tàn kọ́, bí haíbíríìdì ṣe rí nìyẹn, ó sì yẹ kí ẹni tí ń tà á sọ ọ́ fún ẹni tí ń rà á. Ọ̀rọ̀ obẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń fi òróró dín ilá, wọn kò fẹ́ kí ó fà, wọ́n sì lè máa ṣa èyí tí kò fà. Níhìn-ín, ilá tí kò bá fà, kò sí bí ìkórè rẹ̀ ṣe lè pọ̀ tó, àwọn obìnrin ọjà yóò fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó gbìn ín, àwọn tí ń sá ọ̀rúnlá kò sì ní fẹ́ èyí tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ jù.

Íńdíà fúnra rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ fún wa. Ní nǹkan bí 1960, wọ́n mú irú ilá kan jáde tí wọ́n ń pè ní Pusa Sawani, tí àrùn tí ń sọ iṣan ewé di ofeefee kò fi bẹ́ẹ̀ ràn, ó sì gba gbogbo oko wọn. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àrùn náà borí rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti rí ìtúsílẹ̀ ni ara ìbátan ilá tí kì í ṣe ti ọjà: wọ́n da á pọ̀ mọ́ Pusa Sawani, wọ́n sì ń dá ọmọ náà padà sọ́dọ̀ Pusa Sawani léraléra títí tí ó fi jọ ọ́ tán, láìpàdánù agbára tí ó fi ń kọ àrùn. Parbhani Kranti ni wọ́n pe èyí tí ó jáde níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Ká ní wọ́n ti kó ìbátan yẹn dànù nítorí pé kò so tó ti ọjà ni, wọn kì bá ti rí ohun tí wọn yóò fi ṣe é.

Kò ṣe é sọ pé a kò ní ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yìí. NIHORT, ilé ìwádìí ìjọba lórí èso àti ewébẹ̀, ti wà ní Ìdí-Ìṣin ní Ìbàdàn láti 1975, ibẹ̀ ni irú ilá NHAe47-4 tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ mọ̀ ti jáde. NACGRAB, ilé iṣẹ́ ìjọba mìíràn, wà ní Moor Plantation ní Ìbàdàn, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó tọ́jú irúgbìn orílẹ̀-èdè yìí sínú òtútù kí wọ́n má baà parun. Àwọn yunifásítì wa kún fún ìwé àpilẹ̀kọ lórí ìyàtọ̀ àbímọ́ nínú ilá, ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ, tí wọ́n fi gba oyè, tí irúgbìn tí wọ́n fi kọ ọ́ sì bàjẹ́ sínú ìkòkò. Ohun tí mo ń bi wọ́n ni pé, nígbà tí ìwádìí bá ti fi hàn pé irú ilá kan láti abúlé kan ń so ju àwọn yòókù lọ, ta ló ń mú irúgbìn náà padà sí abúlé yẹn?

Ìbéèrè mi sí ìjọba kò pọ̀. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2021 láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tí ó bá mú irúgbìn tuntun jáde béèrè pé kí irúgbìn náà dá yàtọ̀, kí igi rẹ̀ rí bákan náà, kí ó má sì yí padà láti ìran dé ìran. Irúgbìn àbáláyé kò lè yege nínú ìdánwò yẹn, nítorí pé ìyàtọ̀ inú rẹ̀ ni ìwà rẹ̀. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a fagi lé òfin náà. Ó túmọ̀ sí pé owó gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀ fún kíkó irúgbìn abúlé jọ àti fún títún un ṣà pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ lórí ilẹ̀ wọn, nítorí pé kò sí oníṣòwò tí yóò ná owó sórí ohun tí kò lè fi orúkọ ara rẹ̀ sí. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ dá àwọn òṣìṣẹ́ tí ń kọ́ àgbẹ̀ padà sí oko. Láwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan, ẹyọ ẹnìkan ló kù fún abúlé tí kò lóǹkà.

Àkókò tí ó yẹ kí iṣẹ́ kíkó jọ náà bẹ̀rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kìíní ni igbá ilá ẹ̀ẹ̀rùn máa ń gbẹ lóko, kí òjò tó tún dé ba irúgbìn inú rẹ̀ jẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá lọ kó o, ìbáà ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí akẹ́kọ̀ọ́, kí ó kọ orúkọ abúlé sára àpò kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ oṣù tí wọ́n gbìn ín àti oṣù tí ó kọ́kọ́ so, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ ìyá tí ó ni ín bóyá ó ń fà àti bóyá ó tètè ń kó, kí ó kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ìyá náà bá ṣe sọ ọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Àgbẹ̀ ilá kan, Ìgbó-Ọrà